Oríṣi Eré Sísá àti Iṣẹ́ Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ń Ṣe Lára

Ìdánrawò eré sísá kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Eré pẹ̀lẹ́ wà, eré gígùn wà, tempo wà, interval wà, eré orí òkè wà, fartlek wà, eré ìyára náà sì wà. Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára yàtọ̀ sí ti èkejì: òmíràn ń fún ọkàn lágbára, òmíràn ń kọ́ ẹsẹ̀ láti fara da ìnira, òmíràn sì wà fún kìkì ìyára. Ẹni tó bá mọ ohun tí eré òní wà fún ni yóò mọ bó ṣe yẹ kó sá a tó, àti ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ní ìdájí ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ń ṣe jọ́gìn kì í wọ́n ní Road 1 tó ti géètì ńlá wọ inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọn kì í sì í wọ́n ní Lágere àti Máyfair kí ọkọ̀ tó gba títì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sá irú eré kan náà lójoojúmọ́. Eré náà kò falẹ̀ tó láti jẹ́ kí ara sinmi, kò sì yá tó láti kọ́ ara ní ìyára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rí àyípadà fún oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ara á dúró sójú kan. Orí yìí to àwọn eré náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi bí a ṣe ń pín wọn sínú ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé e.

Bí ara ṣe ń rí agbára sáré

Ọ̀nà mẹ́ta ni ara fi ń rí agbára tó fi ń sáré. Àkọ́kọ́ ni agbára tó ti wà nílẹ̀ nínú ẹran ara. Ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òun ni eré mítà 100 ń lò jù. Olapade Adeniken, tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1969, sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.95 ní 1994. Irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń parí ní nǹkan bí ìgbà tí agbára yìí ń tán.

Ọ̀nà kejì ni kí ara máa lo ṣúgà tó fi pamọ́ sínú ẹran ara láìdúró de afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Agbára yìí pọ̀, àmọ́ kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹsẹ̀ á wúwo, itan á máa ta, èémí á sì máa já. Ọ̀nà yìí ni eré mítà 400 fi ara tì gan-an. Falilat Ogunkoya fi ìṣẹ́jú àáyá 49.10 sá mítà 400 ní Òlímpíìkì Atlanta ní 1996, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Agbára àkọ́kọ́ kò lè gbé ènìyàn dé ìdajì irú eré yẹn.

Ọ̀nà kẹta ni kí ara fi ọ́síjìn sun ṣúgà àti ọ̀rá. Agbára yìí kì í tètè dé, ṣùgbọ́n ó lè gbé ènìyàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Láti mítà 1,500 lọ sókè, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nínú marathon, tó jẹ́ kìlómítà 42.195, irú èyí tí wọ́n ti ń sá ní ìlú Èkó láti 2016, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ òun nìkan. Gbogbo ìdánrawò tó wà nínú orí yìí, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí ló ń tún ṣe, tàbí kó so méjì pọ̀.

Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n eré

Òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni tó bá ń sá eré pẹ̀lẹ́ lè pìtàn fún ẹni tí wọ́n jọ ń lọ. Ẹni tó bá wà lórí tempo lè sọ gbólóhùn kúkúrú kan, kó tó mí, kó tó sọ òmíràn. Lórí interval, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni ẹnu lè gbé jáde. Lórí eré ìyára, kò sí ọ̀rọ̀.

Òṣùwọ̀n kejì ni aago. Pápá eré sísá tó pé ìwọ̀n jẹ́ mítà 400 bí a bá yí i po lójú ìlà àkọ́kọ́ nínú lọ́hùn-ún. Ìyípo méjì ààbọ̀ ni kìlómítà kan, méjìlá ààbọ̀ ni kìlómítà 5, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kìlómítà 10. Níbi tí kò bá sí irú pápá bẹ́ẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù tó gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní mítà 68, ń fúnni ní mítà 346 bí a bá tẹ̀ lé ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí i po. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà dọ́gba, nítorí náà ó sàn kí a fi ìṣẹ́jú ka eré níbẹ̀ ju kí a fi mítà kà á lọ.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, a ó mú asáré kan tó ń fi ìṣẹ́jú 25 sá kìlómítà 5. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń lò lórí kìlómítà kan, ìṣẹ́jú méjì géérégé lórí ìyípo pápá kan. Fún irú ẹni yìí, eré pẹ̀lẹ́ á máa gba bí ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìdámẹ́rin sí mẹ́fà àti ìdámẹ́ta-nínú-mẹ́rin lórí kìlómítà kan. Tempo á wà ní nǹkan bí 5:20, interval á wà ní 5:00 tàbí kó dín díẹ̀. Eré ìyára onímítà 400 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti àáyá 50. Ẹni tó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi àlàfo kan náà sáàárín àwọn eré tirẹ̀.

Eré pẹ̀lẹ́

Eré pẹ̀lẹ́ ni ìpìlẹ̀. Òun ló yẹ kó kó nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gbogbo eré tí asáré ọlọ́nà jíjìn ń sá lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 sí 60 ni a sábà máa ń sá a.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe é fọwọ́ bà. Ọkàn á máa gbòòrò, tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù á pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkàn asáré tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fi máa ń rọra lù nígbà tó bá jókòó. Àwọn òpójẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á máa pọ̀ sí i nínú ẹran ẹsẹ̀. Ẹran ara á mọ bí a ṣe ń sun ọ̀rá, á sì máa ṣọ́ ṣúgà ná. Iṣan àti egungun náà á máa le, àmọ́ wọn kì í yára tó ọkàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èémí á ti já gaara, nígbà tí egungun ṣì nílò oṣù púpọ̀ sí i. Ẹni tó bá tẹ̀ lé èémí rẹ̀ nìkan, tó sì tètè fi kún eré, ojúgun rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dùn ún.

Ará New Zealand kan, Arthur Lydiard, ló mú kí ayé gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Eré gígùn lọ́pọ̀ yanturu ni ó fi ń ṣe ìpìlẹ̀ fún àwọn asáré rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan eré ìyára, títí dé kìlómítà 160 lọ́sẹ̀ kan. Ní Òlímpíìkì Róòmù ní 1960, ọjọ́ kan náà ni méjì nínú wọn gba wúrà: Peter Snell nínú mítà 800, Murray Halberg nínú mítà 5,000. Eré mítà 800 kò tó ìṣẹ́jú méjì, síbẹ̀ ìpìlẹ̀ kan náà ni Snell dúró lé.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé dandan ni kí òun máa sá láìdúró. Kó sá ìṣẹ́jú kan, kó rin méjì, títí tí ìṣẹ́jú 20 sí 30 yóò fi pé, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, eré á máa gùn sí i, ìrìn á máa kúrú sí i.

Eré pẹ̀lẹ́ tó kúrú jù, tó sì falẹ̀ jù, ni èyí tí a ń sá ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ líle. Kì í ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó na ẹsẹ̀ tó ti gan, kò sí ohun mìíràn tó wà fún. Bó bá ti ń nini lára, a ti ń sá a jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú eré pẹ̀lẹ́ ni kí asáré máa bá ẹni tó kọjá lára rẹ̀ díje. Ẹni tó kọjá yẹn lè wà lórí iṣẹ́ tempo tirẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Eré gígùn

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni eré gígùn. Ìwọ̀n eré pẹ̀lẹ́ náà ni, àmọ́ ó gùn ju gbogbo eré ọ̀sẹ̀ lọ, tó bí ìdámárùn-ún sí ìdámẹ́ta àpapọ̀ wọn. Fún ẹni tó ń múra eré kìlómítà 5 tàbí 10, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ tó. Ẹni tó bá ń múra marathon á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bíi kìlómítà 28 sí 32. Kò pọn dandan kó sá kìlómítà 42 kó tó di ọjọ́ ìdíje.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ ara láti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ṣúgà bá ti ń tán nínú ẹran ara. Ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́ ìtẹ̀sílẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ó sì ń kọ́ asáré bí a ṣe ń mu omi àti bí a ṣe ń jẹun kí a tó jáde. Iyán tàbí àmàlà àjẹyó kò yẹ kó wà níkùn. Ẹ̀kọ, búrẹ́dì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú tó. Bí eré bá máa ju ìṣẹ́jú 90 lọ, kí omi àti nǹkan dídùn díẹ̀ wà nítòsí, àpò píọ̀ wọ́tà kan tàbí méjì tí wọ́n fi síbi tí a ó gbà kọjá.

A kì í fi kún eré gígùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó máa gùn díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kó kúrú. Nípa ibi tí a ó ti sá a, títì márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn kò yẹ, nítorí tírélà. Inú ọgbà yunifásítì sàn jù, bí a bá tilẹ̀ ní láti gba ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Tempo

Tempo jẹ́ eré tó le díẹ̀ tí kò sì já ènìyàn. Ó jẹ́ ìwọ̀n tí asáré tó ti mọṣẹ́ lè dì mú fún nǹkan bíi wákàtí kan ní ọjọ́ ìdíje. Nínú ìdánrawò, ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni a ń sá a.

Nígbà tí ẹran ara bá ń ṣiṣẹ́, ohun kan tó ń jẹ́ láktéètì máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Bí eré bá rọrùn, ara á máa rí i lò bó ṣe ń jáde. Bí eré bá yá sí i, á dé ibì kan tí ohun tó ń jáde yóò ti ju ohun tí ara lè lò lọ. Láti ibẹ̀ lọ, àárẹ̀ kì í pẹ́ dé mọ́. Tempo wà fún títì ojú ààlà yẹn síwájú, kí eré tó ń kó àárẹ̀ báni lónìí lè di èyí tí a ó lè sá pẹ́ lọ́la. Kò sí ìdánrawò tó wúlò jù ú lọ fún ẹni tó ń lọ sí kìlómítà 10 tàbí ìdajì marathon.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe é. Èkíní ni ìṣẹ́jú 20 láìdúró. Èkejì ni ìgbà mẹ́ta onìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan sí méjì jọ́gìn láàárín wọn. Èkejì yìí rọrùn fún ẹni tí kò tíì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Àmì pé a ṣe é dáadáa ni pé nígbà tó bá parí, ó yẹ kí asáré lè sá ìṣẹ́jú márùn-ún sí i bí wọ́n bá fipá mú un. Bí ó bá parí tó ń mí hẹlẹ tó tẹ̀ríba mọ́ orúnkún, ó ti sá a di ìdíje.

Interval

Nínú interval, a ń sáré gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, a ó sinmi nípa jọ́gìn, a ó tún sáré. Ìsinmi náà kì í gùn ju eré lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìwọ̀n tí asáré ń sá nínú ìdíje kìlómítà 3 sí 5.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ara lè lo ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ. Ọkàn gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n agbára rẹ̀ tó ga jù fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè gbòòrò sí i. Ìsinmi àárín ló ń jẹ́ kí àpapọ̀ ìṣẹ́jú tí ọkàn lò níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fara dà bó bá sá a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Freiburg ní Jámánì, ní àwọn ọdún 1930, kóòṣì Woldemar Gerschler àti dókítà Herbert Reindell ni wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n ń fi bí ọkàn ṣe ń lù díwọ̀n eré àti ìsinmi. Rudolf Harbig, asáré Gerschler, fi 1:46.6 sá mítà 800 ní 1939, àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí ṣáájú ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ogun, Emil Zátopek ará Czechoslovakia sọ interval di oúnjẹ òòjọ́, ó sì gba wúrà mẹ́ta ní Helsinki ní 1952: mítà 5,000, mítà 10,000 àti marathon.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lórí pápá nìyí, fún asáré onìṣẹ́jú 25 tí a mú ṣe àpẹẹrẹ. Mítà 800, ìyípo méjì, ní ìgbà márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, jọ́gìn ìyípo kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, sì ni ìsinmi. Ìyípo àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, ìkejì ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá fi 1:50 sá àkọ́kọ́, tó wá fi 2:10 wọ́ ìkejì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin náà, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe yàtọ̀. Ó lo agbára ọ̀nà kejì tán níbẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìyókù tọrọ èémí. Bí ìgbà kẹrin bá bọ́ sí 4:10, tí ìsinmi kò sì dá ara padà, kí ó dúró síbẹ̀. Ìgbà karùn-ún tí a bá fi ipá wọ́ kò fi nǹkan kan kún ara.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tí kò bá tíì ní oṣù méjì sí mẹ́ta eré pẹ̀lẹ́ lẹ́sẹ̀ kò tíì dé ibi interval.

Eré orí òkè

Ilé-Ifẹ̀ kò ṣaláìní òkè. Òkè yí ìlú náà ká, Òkè Ọra wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà inú ọgbà yunifásítì àti ti àdúgbò bíi Òkè Ìtaṣẹ̀ ń gòkè ń sọ̀. Ohun tí asáré ìlú pẹrẹsẹ ń wá kiri ló wà lẹ́nu ọ̀nà níbí.

Oríṣi méjì ni. Èkíní kúrú: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí méjìlá, pẹ̀lú gbogbo agbára, lórí ibi tó ga dáadáa, ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí a ó sì máa rìn sọ̀kalẹ̀ títí èémí yóò fi padà pátápátá. Ó ń fún itan àti ìdí lágbára, ewu rẹ̀ fún ẹ̀yìn itan sì kéré sí ti eré ìyára lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí ẹsẹ̀ kì í nà jù lórí òkè. Èkejì gùn: ìṣẹ́jú àáyá 45 sí 90, lórí ibi tí kò ga púpọ̀, ìgbà mẹ́fà sí mẹ́wàá, a ó sì jọ́gìn padà wálẹ̀. Eléyìí ń ṣe iṣẹ́ interval, ó sì ń fún ẹsẹ̀ lágbára pọ̀.

Bí a bá ń gun òkè, kí àyà nà, kí ojú wo iwájú, kí apá máa ṣiṣẹ́, kí ìṣísẹ̀ kúrú. Títẹ̀ba láti ìbàdí máa ń dí èémí lọ́wọ́. Sísọ̀ ló máa ń pa orúnkún lára jù, nítorí náà ká má ṣe já bọ́. Ẹni tó bá ń múra eré kìlómítà 10 ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tí òkè ojú ọ̀nà rẹ̀ sì lókìkí, gbọ́dọ̀ fi gígun òkè àti sísọ̀ méjèèjì kọ́ra.

Fartlek

Ará Sweden kan, Gösta Holmér, ló dá fartlek sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Kò nílò pápá, kò nílò aago. Nínú eré pẹ̀lẹ́ ìṣẹ́jú 30 sí 45, asáré á mú ohun kan lójú, òpó iná tàbí igi kan, á sá dé ibẹ̀ kíákíá, á padà sí eré pẹ̀lẹ́, á tún mú òmíràn. Ó lè sá òpó kan, kó fi méjì sinmi. Ó lè sá mẹ́ta, kó fi mẹ́ta sinmi. Bí òkè bá dé, kó sá òkè náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ara bí a ṣe ń yí eré padà, nítorí nínú ìdíje, kò sí ẹni tó ń sá ìwọ̀n kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún dára fún ẹni tó fẹ́ kúrò lórí eré pẹ̀lẹ́ bọ́ sórí interval, torí pé ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí ìsinmi yóò ṣe gùn tó. Ẹgbẹ́ tí agbára wọn kò dọ́gba lè ṣe é pọ̀: ẹni tó yá yóò sá lọ, yóò yí padà wá bá ẹni tó wà lẹ́yìn, wọn yóò sì jọ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn.

Eré ìyára

Eré ìyára pín sí mẹ́ta. Èyí tó rọrùn jù ni ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà, lẹ́yìn eré pẹ̀lẹ́. Asáré á máa yá díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀, kò ní fipá, ejìká kò ní gan, á sì rìn títí èémí yóò fi padà. Ó ń kọ́ ẹsẹ̀ láti máa fúyẹ́ lórí ilẹ̀, kì í sì í fa àárẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò pọ̀ jù, kódà fún ẹni tó ń sá marathon.

Èkejì ni mítà 200 tàbí 400 ní ìwọ̀n tó yá ju ti interval lọ, pẹ̀lú ìsinmi tó gùn ju eré náà lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́ kí eré yíyá dẹrùn, kí ìṣísẹ̀ má bàjẹ́ nígbà tí àárẹ̀ bá dé. Ìdí tí ìsinmi fi gùn ni pé bí èémí kò bá tíì padà, ìṣísẹ̀ tó bàjẹ́ ni ara yóò máa kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn asáré ọ̀nà kúkúrú, mítà 30 sí 60 pẹ̀lú gbogbo agbára. Àwọn kóòṣì máa ń fún mítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ìsinmi: mítà 30, ìṣẹ́jú mẹ́ta, mítà 60, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó máa ń dà bí ọ̀lẹ lójú ẹni tó ń wòran, àmọ́ agbára ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í padà sílẹ̀ kíákíá. Irú iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú fífò àti ìdánrawò ìṣísẹ̀, ló wà nídìí eré bíi ti Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sá mítà 100 onídìínà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà ní oṣù keje 2022, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì sá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà.

Ìmúragbóná àti ìtura

Tempo, interval, eré orí òkè àti eré ìyára kò ṣe é bẹ̀rẹ̀ lójijì. Jọ́gìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni a kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni fífi ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, gbígbé orúnkún sókè, títọ, àti eré àáyá 15 ní ìgbà mẹ́ta. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, jọ́gìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn ni kí a fi tú ara sílẹ̀, kí a tó mu omi, kí a tó jókòó. Kí oúnjẹ tó ní èròjà amúnidàgbà, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja, tẹ̀ lé e láàárín wákàtí kan tàbí méjì.

Bí a ṣe ń pín in sínú ọ̀sẹ̀

Òfin kan ló wà: ọjọ́ líle méjì kì í tẹ̀ lé ara wọn. Fún ẹni tó ti ń sáré fún oṣù mẹ́fà, tó ń lọ sí kìlómítà 10, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lè rí báyìí:

Ọjọ́ Ajé: eré pẹ̀lẹ́ ìṣẹ́jú 40, eré àáyá 15 ní ìgbà mẹ́rin.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: interval, tàbí eré orí òkè.
Ọjọ́rú: eré pẹ̀lẹ́ ìṣẹ́jú 30.
Ọjọ́bọ̀: tempo, tàbí fartlek.
Ọjọ́ Ẹtì: ìsinmi.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: eré gígùn.
Ọjọ́ Àìkú: ìsinmi, tàbí ìrìn.

Bí ìdíje bá wà níwájú, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ àkọ́kọ́ jẹ́ ti eré pẹ̀lẹ́ àti eré gígùn nìkan. Òkè àti tempo á gba oṣù kan tẹ̀ lé e, interval á gba oṣù kan mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó gbẹ̀yìn, kí eré dín kù dé ìdajì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí ara lè kó agbára jọ.

Oòrùn, òjò àti ọyẹ́

Oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta ló mú jù ní Ilé-Ifẹ̀. Lásìkò náà, kí a fi bí ara ṣe ń gbà á sáré, kì í ṣe aago, nítorí ìwọ̀n tó jẹ́ eré pẹ̀lẹ́ ní ìdájí lè di tempo ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀ tútù dé nílò nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ara rẹ̀ tó mọ́ ooru. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku lè mú kí ẹni tó ní ikọ́ fée máa wúkọ́, kó má ṣe fipá sáré. Ní ìgbà òjò, bí mànàmáná bá ti ń kọ, kí pápá ṣófo. Kí ẹni tó bá ń sáré nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ tó ń dán, kó sì dojú kọ ọkọ̀, torí ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ní rí wọn bí wọ́n bá ń bọ̀.

Ìkìlọ̀

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, àgàgà kó tó fọwọ́ kan interval. Kí ẹni tí àyà bá ń dùn, tí òòyì bá ń kọ́ lójú eré, dúró lójú ẹsẹ̀, kó wá ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ yunifásítì tí wọ́n ń pè ní OAUTHC wà nínú ìlú. Ara ríro tó tàn káàkiri itan méjèèjì lẹ́yìn iṣẹ́ líle kì í ṣe nǹkan, ọjọ́ méjì mẹ́ta á kó o lọ. Ìrora tó dúró sójú kan, tó ń mú kí ìṣísẹ̀ yí padà, ìpalára nìyẹn. Ìsinmi ló ń fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí iṣẹ́, ìdánwò tàbí ayẹyẹ kò ní jẹ́ kí ọjọ́ márùn-ún ṣeé ṣe. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó bá kù jẹ́ eré pẹ̀lẹ́ kan, eré gígùn kan, àti iṣẹ́ líle kan ṣoṣo. Bó bá di ọjọ́ méjì, kí a yọ iṣẹ́ líle, kí a sá eré pẹ̀lẹ́ àti eré gígùn. Ìyára tó bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan kì í pẹ́ kó tó padà. Ìpìlẹ̀ tó bá lọ á gba oṣù.